Agbóguntara àti Àìtó Amẹ́jẹ̀dì nínú Ẹ̀jẹ̀ Ajá

Ìfáárà

Nínú ẹ̀jẹ̀ ajá, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, oríṣi nǹkan mẹ́ta ló ń lúwẹ̀ẹ́ kiri nínú omi ẹ̀jẹ̀. Èkíní ni sẹ́ẹ̀lì pupa, tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri ara. Èkejì ni sẹ́ẹ̀lì funfun, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sójà ara. Ẹ̀kẹta ni àwọn èérún sẹ́ẹ̀lì tíntìntín tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dí ojú ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ya, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà dànù. Ẹ̀kẹta yìí, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní platelet, ni a ó máa pè ní amẹ́jẹ̀dì nínú àpilẹ̀kọ yìí. Nígbà mìíràn, àwọn sójà ara ajá a máa fi ojú ọ̀tá wo amẹ́jẹ̀dì, wọn a sì máa pa á run títí iye rẹ̀ yóò fi dín kù débi pé ẹ̀jẹ̀ yóò máa jáde lára ajá náà láìsí ẹni tó ṣá a lọ́gbẹ́. Orí àìsàn yìí ni àlàyé wa dá lé.

Kókó tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú ni pé àìtó amẹ́jẹ̀dì kì í ṣe orúkọ àìsàn kan ṣoṣo. Àmì ni, bí èéfín ti jẹ́ àmì iná. Èéfín iná ìdáná wà, èéfín oko sísun wà, èéfín ilé tó ń jó náà sì wà; ẹni tó bá rí èéfín ní láti wá ìdí rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí yóò ṣe. Ìdájọ́ pé ara ajá ló ń bá ara rẹ̀ jà jẹ́ ìdájọ́ tí à ń dé gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí a bá ti yẹ àwọn okùnfà yòókù wò. Ní ilẹ̀ olóoru bíi Nàìjíríà, níbi tí eégbọn ti ń kó àrùn ran ajá, ẹni tó bá kánjú dá ẹjọ́ yìí lè ṣe ajá ní ibi níbi tí ó ti ń wá ire rẹ̀.

Àlàyé lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

Ọ̀nà kan náà ni a gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù nínú àpilẹ̀kọ yìí: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *a-* ni a fi mọ́ àpólà ìṣe, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú *apẹja* àti *agbẹjọ́rò*.

*Amẹ́jẹ̀dì* wá láti inú *a-* àti *mú ẹ̀jẹ̀ dì*. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni.

*Agbóguntàrùn* wá láti inú *a-* àti *gbógun ti àrùn*. Èròjà purotéènì ni, tí àwọn sójà ara ń ṣe láti fi kojú kòkòrò àrùn. Òun ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní antibody.

*Agbóguntara* wá láti inú *a-* àti *gbógun ti ara*. Agbóguntàrùn tó ṣìnà ni, tó wá dojú ìjà kọ ara tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Òun ni autoantibody.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì tó gbẹ̀yìn kò ju pé *àrùn* di *ara* lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nínú ẹ̀jẹ̀. Irú èròjà kan náà ni méjèèjì. Ohun tí wọ́n dojú kọ ló yàtọ̀.

Amẹ́jẹ̀dì àti iṣẹ́ rẹ̀

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe amẹ́jẹ̀dì. Sẹ́ẹ̀lì ràgàjì kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní megakaryocyte. Ara rẹ̀ ló ń já wẹ́wẹ́, tí èérún náà ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni amẹ́jẹ̀dì ajá ń lò kí ó tó gbó, nítorí náà mùdùnmúdùn kò gbọdọ̀ sinmi lórí iṣẹ́ ṣíṣe tuntun dípò èyí tó kú.

Nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ya, amẹ́jẹ̀dì yóò lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀, wọn yóò tún lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọn yóò sì di ìdí tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè gba ibẹ̀ kọjá. Kì í ṣe ojú ọgbẹ́ ńlá nìkan ni iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Lójoojúmọ́ ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín jù ń ní ìpalára díẹ̀díẹ̀ bí ajá ti ń sáré, tó ń jẹ egungun, tó ń họ ara. Amẹ́jẹ̀dì ló ń dí gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Nínú máíkírólítà kan ẹ̀jẹ̀ ajá tí ara rẹ̀ dá, iye amẹ́jẹ̀dì sábà máa ń wà láàárín 200,000 sí 500,000. Máíkírólítà kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000,000 lítà kan, kò tó ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Bí iye náà bá lọ sílẹ̀ sí 100,000, ajá lè máa ṣeré kiri bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Nígbà tó bá wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ nǹkan bí 50,000 tàbí 30,000 ni ewu pé ẹ̀jẹ̀ yóò jáde fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nínú àìsàn agbóguntara, iye yìí a máa wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì wọ́pọ̀ kí ó kéré sí 20,000.

Bí agbóguntara ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ayé àtijọ́, bí ọba kan bá fẹ́ bá ọba mìíràn sọ̀rọ̀ láìlo ẹnu, yóò fi àrokò ránṣẹ́. Ẹni tó gbé àrokò lè má mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ló mọ̀ ọ́n kà. A lè fi èyí lóye iṣẹ́ agbóguntàrùn. Bí kòkòrò àrùn bá wọ inú ara, agbóguntàrùn yóò so mọ́ ara rẹ̀. Fúnra rẹ̀, agbóguntàrùn kì í sábà pa kòkòrò náà. Àrokò ni ó jẹ́ sí àwọn sójà mìíràn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ gbígbé nǹkan mì. Ibi tí àwọn sójà yìí pọ̀ sí jù ni spleen, ẹ̀yà ara kan tó wà nínú ikùn ní apá òsì, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá bí omi ti ń gba inú asẹ́. Wọ́n tún wà nínú ẹ̀dọ̀. Ohunkóhun tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá pẹ̀lú àrokò yìí lára, wọn yóò gbé e mì.

Nínú àìsàn tí à ń sọ, ara amẹ́jẹ̀dì ni àrokò náà wà. Àwọn èròjà kan wà ní ojú ara amẹ́jẹ̀dì tó ń lò láti fi lẹ̀ mọ́ nǹkan. Èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní glycoprotein IIb/IIIa jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára wọn. Ibẹ̀ ni agbóguntara sábà máa ń so mọ́, nínú ajá àti nínú ènìyàn bákan náà. Nígbà tí amẹ́jẹ̀dì bá dé spleen, àwọn sójà kò bi í léèrè ohun tó ṣe. Àrokò ni wọ́n kà. Èyí tó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ kan láyé lè má lo ju wákàtí díẹ̀ lọ. Mùdùnmúdùn yóò gbìyànjú láti ṣe tuntun kíákíá, ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣe é ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn, agbóguntara tún máa ń kọlu sẹ́ẹ̀lì ràgàjì inú mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀, tí iṣẹ́ ṣíṣe náà yóò sì fà sẹ́yìn.

Bí a ṣe mọ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni okùnfà rẹ̀ wà

Ara ènìyàn ni a ti kọ́kọ́ mọ ìtàn yìí, kí a tó mọ̀ ọ́n nínú ajá. Ní ọdún 1735, oníṣègùn ará Jámánì kan, Paul Gottlieb Werlhof, ṣe àpèjúwe àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde lára ènìyàn láìsí ọgbẹ́, tí àmì pupa sì ń yọ lábẹ́ awọ. Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó mọ̀ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ amẹ́jẹ̀dì. Ní ọdún 1916, ní ìlú Prague, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó ń jẹ́ Paul Kaznelson dábàá pé kí wọ́n gé spleen obìnrin kan tó ní àìsàn yìí kúrò, nítorí ó gbà pé ibẹ̀ ni amẹ́jẹ̀dì ti ń ṣòfò. Wọ́n gé e, iye amẹ́jẹ̀dì obìnrin náà sì lọ sókè. Síbẹ̀, àríyànjiyàn kò tán. Àwọn kan ní mùdùnmúdùn ni kò ṣe amẹ́jẹ̀dì tó. Àwọn mìíràn ní wọ́n ń ṣe é, pípa ni a ń pa á.

Ọdún 1950 ni ìdáhùn tó lágbára jáde, ní Barnes Hospital ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà. Dókítà ọ̀dọ́ kan, William Harrington, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ James Hollingsworth, pinnu láti dán an wò lára ara wọn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn kan, wọ́n sì fà á sí Harrington lára, nítorí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló bá ti aláìsàn náà mu. Láàárín wákàtí díẹ̀, amẹ́jẹ̀dì Harrington fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Gìrì mú un, àmì ẹ̀jẹ̀ sì yọ sí i lára. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, iye rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ara rẹ̀ sì yá. Ní ọdún 1951 ni wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde. Mùdùnmúdùn Harrington kò ní àìsàn kankan, spleen rẹ̀ kò sì ní àìsàn. Ohun tó pa amẹ́jẹ̀dì rẹ̀ wá láti inú ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí i lára. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé agbóguntara ni ohun náà. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ẹranko lo irú ọgbọ́n àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lára ajá, irú agbóguntara kan náà ni wọ́n bá.

Oríṣi méjì tí àìsàn yìí pín sí

Oríṣi kìn-ín-ní ni èyí tó dá wá. A kò rí kòkòrò àrùn, oògùn tàbí jẹjẹrẹ tí a lè tọ́ka sí pé òun ló fà á. Ìru èyí a máa wọ́pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà ajá bíi Cocker Spaniel, Poodle àti Old English Sheepdog, èyí tó fi hàn pé ìran ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Abo ajá ló sì ń ṣe jù, ajá tó wà ní àárín ọjọ́ orí rẹ̀ ló sì sábà máa ń mú. Ṣùgbọ́n kò sí ajá tí kò lè ṣe.

Oríṣi kejì ni èyí tí nǹkan mìíràn fà. Ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn tí eégbọn gbé wá. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tàbí ti spleen. Ó lè jẹ́ oògùn. Àwọn oògùn tó wà ní ìdílé sulfonamide jẹ́ ọ̀kan tí a mọ̀ bí ẹni mọ owó. Nínú oríṣi kejì yìí, agbóguntàrùn lè so mọ́ amẹ́jẹ̀dì nítorí pé èròjà àrùn tàbí ti oògùn lẹ̀ mọ́ ọn lára, tàbí nítorí pé ìjà tí ara ń jà ti dojú rú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú nìyí: ní oríṣi méjèèjì, a lè bá agbóguntàrùn lára amẹ́jẹ̀dì. Ẹ̀rọ wà ní àwọn yàrá àyẹ̀wò ńláńlá tó lè fi í hàn. Bí àyẹ̀wò náà bá ní ó wà níbẹ̀, a mọ̀ pé sójà ara ló ń pa amẹ́jẹ̀dì, ṣùgbọ́n a kò tí ì mọ ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi sí àyẹ̀wò kan ṣoṣo tó lè dá oríṣi kìn-ín-ní mọ̀. Yíyọ àwọn okùnfà yòókù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan ni à ń fi dé ibẹ̀.

Nígbà mìíràn, agbóguntara a tún máa kọlu sẹ́ẹ̀lì pupa pọ̀ mọ́ amẹ́jẹ̀dì. Ní ọdún 1951, Robert Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe èyí nínú ènìyàn, orúkọ rẹ̀ ni a sì ń pè é títí di òní. Ajá náà máa ń ní in, ó sì le ju kí amẹ́jẹ̀dì nìkan máa tán lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, èyí tó kù lára sì ń bàjẹ́.

Eégbọn àti àrùn tó ń gbé kiri

Ní ọdún 1935, ní orílẹ̀-èdè Àlgéríà, àwọn onímọ̀ méjì, Donatien àti Lestoquard, ṣàwárí kòkòrò kan nínú sẹ́ẹ̀lì funfun ajá tí eégbọn bò. Kòkòrò náà ni à ń pè ní Ehrlichia canis lónìí. Bakitéríà ni, eégbọn ajá aláwọ̀ ilẹ̀, tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ Rhipicephalus sanguineus, ló sì ń gbé e láti ara ajá kan dé ara òmíràn. Eégbọn yìí kì í gbé inú igbó nìkan. Ó lè gbé inú ilé ajá, inú ihò ògiri àti lábẹ́ àga, kí ó sì máa bí síbẹ̀.

Ayé kò ka kòkòrò náà sí púpọ̀ títí di ìparí àwọn ọdún 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ ajá ológun Amẹ́ríkà kú nínú ogun Vietnam. Ajá Jámánì, èyí tí à ń pè ní Alsatian, ló pọ̀ nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ imú ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú wọn kí wọ́n tó kú. Ìwádìí fi hàn pé Ehrlichia canis ló ṣe iṣẹ́ náà. Kòkòrò yìí wà lára ajá ní Nàìjíríà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni Babesia, tí òun náà ń ti ara eégbọn wọlé, tó ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́, tó sì ń mú kí amẹ́jẹ̀dì dín kù.

Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí eégbọn bá ti bù ú jẹ ni àìsàn Ehrlichia sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibà yóò mú ajá, kò ní lè jẹun dáadáa, amẹ́jẹ̀dì rẹ̀ yóò sì dín kù. Lára ohun tó ń dín in kù ni agbóguntara tí àrùn náà ru sókè. Ajá lè la ìpele yìí já, kí ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti dá, kí kòkòrò náà sì fi ara pamọ́ sínú rẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Àwọn mìíràn yóò wá bọ́ sí ìpele kẹta, níbi tí mùdùnmúdùn ti ń gbẹ, tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa dín kù pọ̀. Ìpele yìí ni ìwòsàn rẹ̀ ṣòro jù. Nítorí èyí, pé a kò rí eégbọn lára ajá lónìí kò túmọ̀ sí pé eégbọn kò bù ú jẹ rí.

Àwọn àmì àìsàn

Àmì tó kọ́kọ́ ń hàn ni àwọn èèpá pupa tíntìntín, bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ tẹ ara. Bí a bá fi ìka tẹ̀ wọ́n, wọn kì í parẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti jáde kúrò nínú iṣan ni. Irun ajá lè bò wọ́n mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹran ìdí eyín, inú etí, àti ibi tí irun kò ti pọ̀ ní ikùn àti itan ni kí a wò. Yàtọ̀ sí èyí, ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣù lábẹ́ awọ lè pọ́n tàbí kí ó dúdú. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde ní imú, nínú ìtọ̀, tàbí nínú ẹyinjú. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ìfun, ó sì jẹ́ àmì tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí àwọn ajá tó bá ní in sábà máa ń wà nínú ewu ju àwọn yòókù lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sínú ọpọlọ, ajá lè ṣubú lójijì, kí gìrì mú un, tàbí kí ó fọ́jú.

Ohun tó ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ajá tí amẹ́jẹ̀dì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ṣì ń jẹun, tó sì ń gbọn ìrù. Ìwà rẹ̀ kò fi ìwọ̀n ewu rẹ̀ hàn.

Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe àyẹ̀wò

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé amẹ́jẹ̀dì kò tó. Ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì lè ṣìnà. Bí amẹ́jẹ̀dì bá ṣùpọ̀ nínú ìgò tí a fa ẹ̀jẹ̀ sí, ẹ̀rọ yóò ka ìṣùpọ̀ náà sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn, yóò sì ní amẹ́jẹ̀dì kò sí. Ẹ̀yà ajá kan tún wà, Cavalier King Charles Spaniel, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jogún amẹ́jẹ̀dì tó tóbi tí iye rẹ̀ sì kéré, síbẹ̀ tí kò sí àìsàn kankan lára wọn. Nítorí náà, ó pọn dandan kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ tí a tẹ́ sórí gíláàsì, lábẹ́ máíkíróskóòpù. Bí a bá lo lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di ńlá jù, amẹ́jẹ̀dì kan tí a bá rí nínú ojú ìwòye kan dúró fún nǹkan bí 15,000 sí 20,000 nínú máíkírólítà kan. Bí a bá wo ojú ìwòye mẹ́wàá tí a kò sì rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, kò sí iyèméjì mọ́. Gíláàsì kan náà yìí lè fi Babesia hàn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Nígbà mìíràn, ó lè fi Ehrlichia hàn nínú sẹ́ẹ̀lì funfun. Kò gba owó ńlá, kò sì gba iná mànàmáná púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì ni láti wá ìdí. Dókítà ẹranko yóò béèrè oògùn tí ajá ti lò, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbà, ibi tó ti rìn dé, àti bí eégbọn ti pọ̀ tó ní àgbàlá. Yóò ṣe àyẹ̀wò àrùn eégbọn, ìbáà ṣe èyí tó ń wá agbóguntàrùn tí ara ṣe sí kòkòrò náà tàbí àyẹ̀wò PCR tó ń wá kòkòrò náà gan-an. Yóò wo ikùn àti àyà bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀. Yóò tún ro ti májèlé eku, tó ń dí ọ̀nà mìíràn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dì. Ajá tó bá jẹ májèlé eku lè máa ṣẹ̀jẹ̀ gidigidi nígbà tí amẹ́jẹ̀dì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ilé ìwòsàn ẹranko tí àwọn yunifásítì bíi ti Ìbàdàn, Zaria àti Nsukka ní wà lára ibi tí a ti lè rí irú ìtọ́jú yìí gbà.

Ìtọ́jú

Bí okùnfà bá wà, okùnfà ni à ń wò. Fún Ehrlichia, doxycycline ni oògùn tí a gbára lé, ọjọ́ 28 ni a sì sábà máa ń lò ó. Nínú ìpele àkọ́kọ́ àrùn náà, amẹ́jẹ̀dì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí oògùn kan ló fa àìsàn, a ó dá a dúró.

Bí ó bá jẹ́ oríṣi tó dá wá, a ní láti rọ àwọn sójà ara lọ́wọ́. Oògùn sítẹ́rọ́ìdì bíi prednisolone ló wà níwájú. Ìwọ̀n tí a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 2 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan tí ajá wọ̀n, lójúmọ́. Ó ń dín ìtara àwọn sójà tó ń gbé nǹkan mì kù, bí ọjọ́ sì ti ń lọ, ó ń dín ṣíṣe agbóguntara kù. Dókítà lè fi abẹ́rẹ́ vincristine ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kún un, èyí tó ń mú kí mùdùnmúdùn tú amẹ́jẹ̀dì jáde kíákíá. Àkójọ agbóguntàrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn náà wà tí a ń fà sí ajá lára kí ọwọ́ àwọn sójà lè dí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Bí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bá ti dànù, a ó fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ọ̀pọ̀ ajá ni amẹ́jẹ̀dì rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í padà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn èyí, díẹ̀díẹ̀ ni à ń dín oògùn kù fún oṣù mélòó kan, nítorí bí a bá dá a dúró lójijì, àìsàn náà lè tún gbérí.

Ní báyìí, a lè rí ìdí tí a fi ní kí a má kánjú. Oògùn tó ń rọ sójà lọ́wọ́ ń rọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níwájú gbogbo ọ̀tá. Bí ó bá ṣe pé Ehrlichia tàbí Babesia ló wà nídìí ọ̀rọ̀, tí a kò sì wò ó, a ti gba idà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ nígbà tí olè wà nínú ilé. Amẹ́jẹ̀dì lè kọ́kọ́ lọ sókè díẹ̀, kí inú olówó ajá dùn, kí àrùn sì máa gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Nítorí èyí, bí àyẹ̀wò kò bá tí ì jáde tí ewu sì ti dé ọrùn, ọ̀pọ̀ dókítà ní ilẹ̀ tí eégbọn pọ̀ sí máa ń bẹ̀rẹ̀ doxycycline pẹ̀lú sítẹ́rọ́ìdì, kí wọ́n tó mọ èyí tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀. Irú ìṣọ́ra yìí kan gígé spleen kúrò pẹ̀lú. Ó lè ran ajá tí àìsàn ń padà sí lára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n spleen ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́ kúrò lọ́wọ́ Babesia. Ajá tí kò ní in mọ́ kò ní ààbò tó bí eégbọn bá tún bù ú jẹ.

Ohun tí olówó ajá lè ṣe

Kí ó má ṣe fún ajá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ní aspirin, ibuprofen tàbí irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń dí iṣẹ́ ìwọ̀nba amẹ́jẹ̀dì tó kù lọ́wọ́, wọ́n sì ń dá egbò sínú ikùn. Kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ inú ẹran ara bí kò bá pọn dandan. Kí ó so ó mọ́ ibi tó parọ́rọ́, kí ó má fún un ní egungun líle jẹ, kí ó sì má jẹ́ kí ó bá ajá mìíràn jà, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Lẹ́yìn ìwòsàn, kí ó máa pa eégbọn lára ajá àti nínú ilé ajá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ó bá rí wọn nìkan.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Òwe yìí bá agbóguntara mu rẹ́gí, nítorí ara ajá fúnra rẹ̀ ló ń pa ohun tó yẹ kó dáàbò bò. Ṣùgbọ́n nínú ajá tí a ń sìn ní ilẹ̀ wa, kòkòrò mìíràn sábà máa ń wà níta tó kọ́kọ́ ru ti inú sókè, irun ló sì ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ lára ajá, kí ó wo ẹran ìdí eyín rẹ̀, kí ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí gíláàsì, kí ó wá eégbọn àti àrùn eégbọn, kí ó sì wádìí oògùn tó ti lò. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, nígbà náà ni a lè sọ pé ara ló ń bá ara jà, tí a ó sì tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfòyà.